Ọjọ́ Tí Aró Rìn Mí Lẹ́dọ̀

Òórùn ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣe mí. Ìrora ṣì ń bọ̀, ibà náà ṣì ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú agbo ilé wa ní Igbein, mo ṣí ọmọrí ìkòkò aró mi bí mo ṣe ń ṣí i láti kékeré, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Èémí tó jáde gbá mi lójú bí ẹni pé wọ́n rẹ òkú ẹran síbẹ̀. Mo yí ojú padà. Kí n tó dé ìdí ògiri, gbogbo ẹ̀kọ tí mo mu ti wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa. Aró èlú kì í ta sánsán. Ewé tí a gún, tí a sá, tí a rẹ sínú omi eérú títí tó fi kan, báwo ni yóò ṣe ta sánsán? Àlejò tó bá ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá a máa fi etí aṣọ bo imú. Ṣùgbọ́n àwa tí wọ́n bí sí ìdí rẹ̀, òórùn oúnjẹ ni lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mò ń wí yìí, ọ̀pọ̀ aláró ti yà sí aró òyìnbó tí wọ́n ń tà nínú agolo. Èmi kò yà. Ojú nìkan kọ́ la sì fi ń mọ̀ bóyá aró èlú ti tó í lò. A ó gbóòórùn rẹ̀, a ó ti ìka bọ̀ ọ́, a ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Imú mi àti ahọ́n mi ni òṣùwọ̀n mi. Nígbà tí àwọn méjèèjì wí pé aró ti bàjẹ́, ta ni mo tún fẹ́ bi?

Sìkírá, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, la jọ ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi ti kú nígbà náà. Sìkírá ló ń jó eérú, tó ń sẹ́ omi rẹ̀. Èmi ni mò ń po aró. Mo pè é.

"Sìkírá, kí lo dà sínú ìkòkò yìí?"

"Omi eérú náà ni, ìyálé mi. Èyí tí mo ń dà síbẹ̀ látọjọ́ yìí."

"Tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò. Ó tún un tọ́ wò. "Ó dáa lẹ́nu tèmi."

"Ẹnu ẹ ti kú nìyẹn. Dà á nù."

Ó dà á nù. A tún òmíràn pò, èyí náà rùn sí mi. Nígbà tó di ìkòkò kẹta, Sìkírá fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó wo ìkòkò, ó wo èmi. Ó ní, "Ìyálé mi, bí a bá da èyí náà nù, omi gbígbóná ló kù tí a ó fi pa aṣọ oníbàárà láró." Mo ní kó dà á nù bẹ́ẹ̀, mo sì fi kún un pé ẹni tí kò bá mọ eérú jó kó lọ máa din àkàrà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Mo bọ́ sínú yàrá, mo dùbúlẹ̀, mo gbọ́ nígbà tí ìkòkò ń ró nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìríra náà kúrò lórí aró nìkan, tó bọ́ sórí ohun gbogbo. Òróró tó ń gbóná nílé kejì, ó rìn mí lẹ́dọ̀. Ẹran nínú ọbẹ̀, ó rìn mí lẹ́dọ̀. Ọṣẹ tí mo fi wẹ̀, irun orí ọmọ-ọmọ mi tó wá gbórí lé mi láyà, gbogbo wọn ló dàbí ohun tó ti kú, tí wọn kò tíì sin. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Báwo ni ìyá àgbà yóò ṣe wí fún ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀ pé kó sún síwájú, ó ń rùn? Èmi náà sì ń kó ara mi nírìíra. Tí ibà bá dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, òógùn a bò mí títí ẹní yóò fi rin gbindin, n kò sì lè farada òórùn ara mi. Ìró tí mo ró bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ ní ìdí mi.

Ìrora dé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Abẹ́ ìhà ọ̀tún ló wà, ó wúwo bí ẹni pé wọ́n gbé ọmọ ọlọ síbẹ̀. Bí mo bá mí kanlẹ̀, a gún mi. Òmíràn tún gba orí èjìká ọ̀tún. Mo ní aṣọ tí mò ń fún ló fà á, mo ń fi òrí ra á. Dókítà ló wá là á yé mi lẹ́yìn náà pé awọ kan ló dá àyà nípá sí ikùn, pé ẹ̀dọ̀ tó wú ló ń ti awọ náà sókè, àti pé iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára awọ yẹn ti inú ọrùn wá, níbi tí ti èjìká náà ti wá. Ẹ̀dọ̀ là ń nà, èjìká ló ń ké. Bí ẹ bá ní irú ìrora méjèèjì yìí pọ̀, ẹ má fi òrí tan ara yín jẹ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kọ́bapẹ́ nítorí ibẹ̀ ló ń gbé, gbọ́ pé ara mi kò yá, ó sì dé pẹ̀lú àgbo. Ó tẹ ìpéǹpéjú mi wò, ó rí i pé funfun ojú mi ti ń pọ́n díẹ̀. Ó ní ibà pọ́njú ni. Àwọn mìíràn nínú ilé ní aró tí mo ti ń lá láti kékeré ló wá gba ẹ̀jẹ̀ mi. Mo mu àgbo náà. N kò ní purọ́ mọ́ ìyá yẹn, ìfẹ́ ló fi sè é. Ṣùgbọ́n ó korò dé ìdí eyín, ó ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun bí itọ́ ìgbín, mo sì ń bì í bí mo ṣe ń mu ún. Nígbà tí òsúkè bẹ̀rẹ̀, tí kò dáwọ́ dúró, Sìkírá wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ àkàrà kò tíì bá mi sọ ju kíkí lọ. Ó ká aṣọ mi sínú àpò, ó yíjú sí Ìyá Kọ́bapẹ́ tó jókòó ti ìkòkò àgbo rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ bínú sí mi tó bá yá. Mò ń gbé e lọ sílé ìwòsàn."

Ìgbà náà ni àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gba ìjọba, tí wọ́n ní kí gbogbo ayé máa tò lẹ́sẹẹsẹ. Àwa aláìsàn náà tò. A tò láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ igi, ẹni tó ń yàgbẹ́ àti ẹni tó ń bì. Ọkùnrin kan níwájú mi ń tutọ́ sínú agolo mílíìkì, tó bá tu ú tán, a tẹ́jú mọ́ inú rẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀, òórùn ìtọ̀ tí oògùn náà kò borí, òórùn ìrẹsì tí ẹnì kan ń jẹ nínú abọ́ lórí àga kan náà pẹ̀lú wa. Mo fi ìborùn Sìkírá dí imú. Aró ló wà lára ìborùn náà. Mo tún yára mú un kúrò.

Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì gbá ọwọ́ mi mú, ó wo èékánná mi, ó sáré. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti fi ohun kan bo imú mi pé kí n máa mí sínú. Ó ní èékánná mi ti dúdú bí ti ẹni tí afẹ́fẹ́ kò dé ara rẹ̀ mọ́. Sìkírá na ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì síwájú rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, aró ni. Bí èyí bá jẹ́ ikú, èmi náà ti kú tipẹ́." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó tú nǹkan náà kúrò lójú mi. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ dé ara mi, abẹ́ ahọ́n ni wọ́n ń wò.

Dókítà méjì ló tọ́jú mi. Èyí tó kéré fi ìka kan tẹ àárín egungun ìhà mi, ibì kan ṣoṣo, mo sì pariwo. Ó bi mí bóyá mo ti yàgbẹ́ ọ̀rìn, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ yẹn, láìpẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí omi ẹ̀rọ kò yọ tí a ń pọn omi kànga. Ó ti lọ, mo ti gbàgbé. Ó ní òun kò gbàgbé. Wọ́n ya fọ́tò inú àyà mi, ó sì fi hàn mí pé apá ọ̀tún ga sókè ju apá òsì lọ, bí òrùlé tí nǹkan ń ti láti abẹ́. Ó ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń pè ní àmíbà. Inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn ló ń gbà wọ inú ènìyàn. Ó ń jẹ ìfun, òun ló ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn tí ìgbẹ́ náà ti dá, yóò ti bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀, yóò máa jẹ ibẹ̀, ohun tó bá jẹ yóò sì di ọyún. Eéwo ni, ṣùgbọ́n inú ẹ̀dọ̀ ló so sí. Bí ó bá bẹ́ sínú ikùn tàbí sínú àyà, ó lè pa ènìyàn. Tèmi ti tóbi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́.

Ìgbẹ́ ẹlòmíràn ni mo mu nínú omi, tó wá kọ́lé sínú ẹ̀dọ̀ mi. Nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀, èyí ló kó mi nírìíra jù.

Ọ̀nà tí wọn yóò gbà mú un jáde ni wọn kò kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ọ̀gá dókítà, ọkùnrin àgbà kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, fẹ́ la ikùn. Wọ́n ń fi òyìnbó jiyàn níbi ẹsẹ̀ mi. Mo ní kí wọ́n dákun sọ ọ́ ní Yorùbá, torí èmi ni mo ni ẹ̀dọ̀ náà. Ọ̀gá ní, "Ìyá, eéwo tó tóbi báyìí, ẹnu abẹ́rẹ́ kò lè gbọ́n ọn tán. Ká là á, ká fọ̀ ọ́, ká mọ̀ pé ó tán."

Èyí tó kéré ní, "Tí a bá là á, tí ọyún yẹn bá dà sáàárín ìfun ńkọ́, sà? Ara ìyá kò lè gba oògùn oorun báyìí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ fà á."

Ọ̀gá wò mí títí. Ó wo egungun èjìká mi tó yọ síta. Ó ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á. Bí ọyún bá padà, kí wọ́n ki ọ̀pá rọ́bà bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ikùn bá le pẹ́nrẹ́n lọ́jọ́ kan, tó fi hàn pé eéwo ti bẹ́, òun kò ní bi ẹnikẹ́ni kí òun tó là á.

Abẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n fi èyí tí ń mú ara kú gún ibi tó dùn mí jù láàárín ìhà, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé èyí tó gùn wá. N kò mọ ẹnu rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nígbà tó wọ inú lọ, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn kan tó le, tó wá ṣí lójijì. Dókítà fà á. Ohun tó jáde pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ki, ó dàbí ọṣẹ dúdú tí wọ́n pò mọ́ omi àti ẹ̀jẹ̀ àná. Ó ń fà á, ó ń tú u sínú abọ́, abọ́ ń kún. Mo yíjú sí ògiri. Mo dí imú. Mo ń dúró de òórùn náà, torí mo gbà pé ohun tó ti sọ gbogbo ayé di òkú lọ́dọ̀ mi, òórùn tirẹ̀ yóò pa gbogbo wọ́ọ̀dù.

"Sìkírá," ni mo wí, "báwo ló ṣe ń rùn?"

Wọ́n ti gbà á láyè kó dúró ti orí mi. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sórí abọ́ náà bí ìgbà tó ń wo aró. Ó mí in sínú.

"Kò rùn, ìyálé mi."

Mo ní irọ́ ni. Dókítà ní òótọ́ ni, pé ọyún àmíbà kì í sábà rùn. Mo ṣí imú. Kò rùn lóòótọ́. Aró mi tí kò ṣe nǹkan kan, òun ni mo ní ó rùn. Ọ̀dájú tó wà nínú mi kò ní òórùn kankan. Mo sunkún níbẹ̀, Sìkírá sì rò pé ìrora ni.

Mo sùn lọ́jọ́ náà bí ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ibà fi padà, ọyún ti tún kún ibẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n wá la ojú kékeré kan sí àárín ìhà mi, wọ́n ki ọ̀pá rọ́bà bọ̀ ọ́, wọ́n rán an mọ́ awọ, wọ́n sì fi ẹnu rẹ̀ kejì sínú ìgò nílẹ̀. Èyí ni n kò fẹ́ rántí. Tọ̀sán-tòru ni inú mi ń ro sínú ìgò lójú ayé. Bí mo bá yí, rọ́bà a fà mí lára bí ejò. Àwọn tó wá kí mi a wí pé "ẹ kú ìrọ́jú," ojú wọn a sì wà lára ìgò. Ẹnì kan mú ẹ̀kọ wá fún mi, ó jókòó, ó rí ìgò náà, ó sì gbé ẹ̀kọ rẹ̀ lọ. Oògùn tí wọ́n ń fún mi láti pa kòkòrò náà tún ń mú ẹnu mi dàbí ti ẹni tó ń lá irin tó dípẹtà. Ìyá Kọ́bapẹ́ ló tú gèlè orí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó fi bo ìgò náà. Ó jókòó lórí àga pẹ̀lú irun funfun rẹ̀ níta, ó sì kọjú sí ẹni tó bá fẹ́ wò.

Lórí ibùsùn tó kángun sí tèmi, obìnrin àgbẹ̀ kan wà láti Alábàtà. Irú àìsàn mi gan-an ni, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti bẹ́ sínú ikùn kí wọ́n tó gbé e dé, kò sì sí ohun tó kù ju pé kí wọ́n là á. Ojú ọgbẹ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àyà dé ìdodo. Tó bá fẹ́ wúkọ́, a fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn mú kó má baà já. Nígbà tí mo bá ń ráhùn nítorí rọ́bà, a ní, "Aláró, ìrì ló sẹ̀ sí ọ lára, o ní òjò pa ọ́. Wo èmi tí àgbàrá wọ́ lọ."

Nítorí náà, ẹni tó bá bá ara rẹ̀ níbi tí mo wà, ohun tí mo rí nìyí. Abẹ́rẹ́ kò dunni púpọ̀, ẹ ó sì dìde lórí ibùsùn lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ki, tó bá pọ̀, abẹ́rẹ́ kì í gbọ́n ọn tán, ẹ lè tún padà sí ìdí rẹ̀. Ọ̀pá rọ́bà ń tán an, ó kàn ń gba sùúrù, ó ń gba ìtìjú, ojú ihò rẹ̀ sì lè gba ìdọ̀tí bí wọn kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa. Lílà ló ń jẹ́ kí ọwọ́ dé gbogbo ibẹ̀, òun ló gba obìnrin Alábàtà là. Bí eéwo bá ti bẹ́, ẹ má ṣe bẹ̀rù ọ̀bẹ. Bí kò bá tíì bẹ́, ẹ bi dókítà yín bóyá ọ̀nà tó rọrùn wà. Oògùn kòkòrò náà sì ń bá ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn. Ẹ mu ún tán, bó ti wù kó burú lẹ́nu tó.

Ohun tó ń ro sínú ìgò dínkù, ó di omi tó mọ́ gaara, wọ́n fa rọ́bà yọ. Lọ́jọ́ kan tí oúnjẹ ti ń wù mí díẹ̀, Sìkírá wọ wọ́ọ̀dù pẹ̀lú nǹkan tó fi ìró bò mọ́ abẹ́ apá. Obìnrin Alábàtà ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo imú. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ó bèèrè ohun tó kú. Òórùn náà rìn dé ọ̀dọ̀ mi. Mo dúró kí inú mi ru. Kò ru.

Mo ní, "Gbé e súnmọ́ mi."

Ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ mi. Aṣọ funfun kan ni, ó ti pa á láró, ó dú, ó jinlẹ̀, ó ń dán lójú bí omi kànga. N kò tíì fi ọwọ́ ara mi pa aṣọ tó mu aró tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Inú ìkòkò wo lo rì í sí?"

Sìkírá kò wò mí. Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ etí aṣọ. "Ìkẹta ni. Ẹ ní kí n dà á nù, mo dà á nù. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ rì í síbẹ̀."

"O ò sì fi hàn mí látìgbà náà?"

"Ara yín kò yá, ìyálé mi. Ta ló ń bá aláìsàn ṣe ẹjọ́?"

Mo gbé aṣọ náà, mo fi bo ojú, mo mí in sínú títí ìhà mi fi fà mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba láti abẹ́ rẹ̀, mo sì wí fún Sìkírá pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ àkàrà dídín, iṣẹ́ eérú ń dúró dè é. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti jó eérú kí òun tó wá.

Ẹ̀dọ̀ mi ṣì wà lára mi, ó ti tún ara rẹ̀ ṣe níbi tí kòkòrò jẹ lára rẹ̀. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Àpá kékeré kan wà láàárín ìhà, kò tó ẹyọ àgbàdo. Omi tí a kò bá sè kì í kan ẹnu mi. Nílé wa, ahọ́n méjì ló ń tọ́ aró wò báyìí, bí ti Sìkírá bá ta ko tèmi, a ó dúró di ọjọ́ kejì. Bí ohun tí mo fẹ́ràn bá sì ṣàdédé rùn sí mi, n kì í da ìkòkò nù mọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà mi wò.